Ọjọ́ Méje Tí Wọ́n Fún Niamey: Bí Nàìjíríà Ṣe Fẹ́rẹ̀ẹ́ Wọ Ogun Nìjẹ̀r Lọ́dún 2023

Ọkùnrin mẹ́wàá ni wọ́n yọjú lórí amóhùnmáwòrán ìjọba Nìjẹ̀r lóru ọjọ́ 26 oṣù Keje, ọdún 2023. Ọ̀kan jókòó, mẹ́sàn-án dúró yí i ká. Èyí tó jókòó, Colonel-Major Amadou Abdramane, ka ìwé kan lédè Faransé: wọ́n ti gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum, wọ́n ti ti ibodè, kónílé-ó-gbélé ti bẹ̀rẹ̀. Láti àárọ̀ ọjọ́ náà ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ààrẹ, àwọn tó ń gba owó oṣù kí aburú má baà ṣe é, ti sé e mọ́ inú ilé ìjọba ní Niamey. Ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ náà, Ọ̀gágun Abdourahamane Tchiani, kò sí lára àwọn mẹ́wàá yìí. Ó di ọjọ́ 28 kó tó jáde wá sọ pé òun ni olórí.

Iwájú ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti wo fídíò náà lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bàbá Ṣọ́jà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Wọ́n wà lára àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tó lọ sí Làìbéríà lábẹ́ ECOMOG, ẹgbẹ́ ológun tí ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kó jọ, wọn kì í sì í fẹ́ sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Mo sọ ohun tí àwọn ọkùnrin náà kà fún wọn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Àwọn ṣọ́jà tó kù ńkọ́? Àwọn tí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ààrẹ, kí ni wọ́n wí?"

Mo ní wọn ò tí ì wí nǹkan kan.

"Ohun tó yẹ ká máa dúró dè nìyẹn."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, olú ilé-iṣẹ́ ológun Nìjẹ̀r gbé ìwé jáde pé àwọn ti wà lẹ́yìn àwọn tó gbàjọba, kí ọmọ ogun má baà máa ta ẹ̀jẹ̀ ọmọ ogun ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá gbọ́ ọ lórí rédíò, wọ́n pa rédíò, wọ́n wọlé lọ jẹun. Nígbà yẹn mo rò pé ó rẹ̀ wọ́n ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé wọ́n ti rí ìdí ọ̀rọ̀ náà kí àwọn olórí wa ní Àbújá tó bẹ̀rẹ̀ ìpàdé rárá.

Kí n sọ ibi tí mo dúró sí. Mi ò fẹ́ ìjọba ológun, ìbáà jẹ́ ti ilé tàbí ti òkèèrè. Ìran tiwa rí June 12, a sì mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Bazoum kì í ṣe ẹni tó fi agbára dé ibẹ̀: ìbò ni wọ́n fi yàn án, ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 2021 ló sì gba ọ̀pá àṣẹ lọ́wọ́ Mahamadou Issoufou. Láti ìgbà tí Nìjẹ̀r ti gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé lọ́dún 1960, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹni tí wọ́n dìbò yàn yóò gbé ìjọba fún ẹlòmíràn tí wọ́n dìbò yàn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni àwọn ológun ti gbàjọba níbẹ̀ ṣáájú: 1974, 1996, 1999 àti 2010. Ohun tí Tchiani àti àwọn ènìyàn rẹ̀ bàjẹ́ lóru ọjọ́ yẹn, ọgọ́ta ọdún ó lé ni àwọn ará Nìjẹ̀r fi wá a. Mo bínú sí i, mo ṣì ń bínú sí i.

Mo sì mọ ìdí tí inú fi bí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ni wọ́n búra fún un. Ní ọjọ́ 9 oṣù Keje, ní ìlú Bissau, àwọn olórí ECOWAS fi í ṣe alága, ó sì sọ fún wọn níbẹ̀ pé ìfipágbàjọba gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Málì ti lọ, Gínì ti lọ, Bùrkínà Fasò ti lọ. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún péré lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Bissau ni ti Nìjẹ̀r ṣẹlẹ̀, ní ẹnu ọ̀nà wa gan-an. Àwọn tó ní ká kógun lọ pa òwe kan tí mi ò lè bá wọn jiyàn lé lórí: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Òótọ́ ni. Hẹ̀rẹ̀huru Málì ti dé Bùrkínà, ti Bùrkínà ti dé Nìjẹ̀r, ẹnikẹ́ni tó bá sì rò pé kò lè dé Cotonou tàbí Àbújá ń tan ara rẹ̀ ni.

Bí a ṣe lọ bá ará ilé náà sọ ọ́ ni mo fẹ́ wí.

Ọjọ́ 30 oṣù Keje ni ECOWAS pàdé ní Àbújá. Kí ìpàdé tó tú, wọ́n ti fún àwọn ológun Niamey ní ọjọ́ méje: ẹ dá Bazoum padà sórí àlééfà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ a ó ṣe gbogbo ohun tó bá gbà, títí kan lílo agbára ológun. Wọ́n ti ibodè ilẹ̀ àti ti òfurufú. Wọ́n dá gbogbo kátàkárà dúró. Wọ́n ní kí báńkì àpapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná owó sẹ́fà di owó Nìjẹ̀r mú. Gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ẹni tó bá dá ọjọ́ fún ọ̀tá rẹ̀ ti dá ọjọ́ fún ara rẹ̀ náà. ECOWAS kò ní bárékè kankan tí ọmọ ogun rẹ̀ ń gbé, tí wọ́n kàn máa fọn fèrè kí wọ́n tò. Ohun tí wọ́n ń pè ní ọmọ ogun ìmúrasílẹ̀, ìlérí ni: orílẹ̀-èdè yìí yóò mú iye báyìí wá, tọ̀hún yóò mú iye báyìí wá, olúkúlùkù ni yóò sì wá owó tirẹ̀. Ọjọ́ méje kò tó láti kó ìlérí jọ, ká má tilẹ̀ sọ láti gbé e kọjá ibodè. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ni àwọn ọ̀gá àgbà ológun ECOWAS ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ní Àbújá láti máa ṣètò ogun tí àwọn olórí wọn ti kéde lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú.

Tchiani ní tirẹ̀ lo ọjọ́ méje náà dáadáa. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣèpàdé ní Àbújá gan-an, èrò ya bo iwájú ilé-iṣẹ́ aṣojú Faransé ní Niamey, àwọn kan gbé àsíá Rọ́ṣíà lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 31, Málì àti Bùrkínà Fasò jọ kéde pé ẹni tó bá gbógun ti Nìjẹ̀r ti gbógun ti àwọn. Nígbà tí ọjọ́ méje fi pé, ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ènìyàn ti kún pápá ìṣeré Seyni Kountché, wọ́n ń pariwo orúkọ àwọn ológun. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ta ló mọ Tchiani? Ìhalẹ̀ wa ló sọ ọ́ di akọni.

Bàbá Ṣọ́jà ní àbúrò kan, obìnrin, tó ti ń gbé Niamey láti nǹkan bí ogún ọdún. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn Yorùbá mìíràn ti ń tajà lọ sókè ọ̀hún kí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tó fa ààlà, nítorí náà kì í ṣe tuntun nílé wa. Màmá Niamey ni a ń pè wọ́n. Ẹja ni wọ́n ń tà, ẹja inú yìnyín tí àwọn àgbà ń pè ní Òkú-Èkó. Èbúté Cotonou ló ti ń wá, yóò gba Malanville kọjá Odò Ọya sí Gaya, yóò wá dé inú fírísà wọn.

Ẹ rò ó wò. Bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún iná mànàmáná tí Nìjẹ̀r ń lò nígbà náà, Nàìjíríà ló ń fún wọn, láti àwọn ọdún 1970 ni wáyà sì ti ta láti Birnin Kebbi dé Niamey. Nàìjíríà pa iná náà. ECOWAS ti ti ibodè. Màmá pè wá ní nǹkan bí ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ, a sì ṣí sípíkà fóònù kí gbogbo ilé lè gbọ́. Wọ́n ní iná ń wá ní wákàtí kan, ó ń lọ ní wákàtí mẹ́ta. Wọ́n ní àwọn ti ń tẹ ẹja náà lọ́wọ́, ó ti rọ̀. Wọ́n ti gbé e fún àwọn aládùúgbò kan kí wọ́n bá àwọn yan án, kí ó má baà bàjẹ́ pátápátá, àwọn tí kò lówó lọ́wọ́ sì gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Báńkì kò jẹ́ kí wọ́n gba ju ìwọ̀nba owó lọ. Ẹja mìíràn kò sì ní wá, nítorí tírélà ti tò sí Malanville bí èèrà, wọn ò ríbi gbà.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ wọn nìyí. Wọ́n ní obìnrin Zarma kan tó ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn láti ọdún pípẹ́ dúró níwájú fírísà tó dákẹ́, ó wo ojú àwọn, ó ní, "Ẹ̀yin ará Nàìjíríà lẹ pa iná yìí." Màmá ò mọ èsì tí wọn ì bá fọ̀. Ìjọba tí wọn ò rí rí ló pa iná, àwọn ni wọ́n jíyìn fún un.

Tchiani kò jókòó sínú òkùnkùn. Ilé ìjọba kì í ṣaláìní jẹnẹrétọ̀. Ilé ìwòsàn, aláṣọ, alágbẹ̀dẹ, ọlọ́jà ni ìyà jẹ. Oúnjẹ àti oògùn àwọn àjọ aláàánú pàápàá há sí ibodè. Bí a bá fẹ́ fìyà jẹ àwọn ọ̀gágun, orúkọ wọn wà, ilé wọn wà, owó wọn wà ní báńkì, a lè dí ọ̀nà ìrìn-àjò àwọn àti ẹbí wọn. A ti èyíinì mọ́ gbogbo ìyà tó kù, a dà á lé ènìyàn mílíọ̀nù bí i mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lórí.

Wọ́n rán àwọn àgbà lọ. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ, Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar àti Sultan Sókótó, Sa'ad Abubakar, balẹ̀ sí Niamey. Tchiani kò gbà láti rí wọn, wọn ò sì rí Bazoum. Wọ́n padà láìsùn. Ìwà àfojúdi ni, mi ò sì ní gbèjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń rán alágbàwí lẹ́yìn tí ó ti fa idà yọ, tí ó sì ti pa iná ilé onílé? Nígbà tí Sanusi Lamido Sanusi lọ ní ọjọ́ 9, láìsí ariwo, Tchiani rí i. Nígbà tí àwọn àáfà àgbà tí Sheikh Bala Lau ṣáájú lọ ní ọjọ́ 12, ó jókòó tì wọ́n fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Àwọn tí wọ́n jọ ń sọ Hausa, tí wọ́n jọ ń kírun, ni ilẹ̀kùn ṣí fún. Ọ̀nà yẹn ló yẹ kó ṣíwájú, kì í ṣe kó kẹ́yìn.

Ọjọ́ Jímọ̀, 4 oṣù Kẹjọ, ni Godswill Akpabio ka lẹ́tà Ààrẹ ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà. Ó to ohun tí wọ́n ti ṣe àti ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe: títi ibodè, pípa iná, dídí ọ̀nà ọjà tó ń gba èbúté Lagos àti ti ìlà-oòrùn lọ sí Nìjẹ̀r. Ní ìparí ni kíkó ọmọ ogun jọ àti rírán wọn lọ jagun.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní abala 5 sọ ọ́ kedere: Ààrẹ kò gbọdọ̀ rán ọmọ ogun kankan lọ jà lẹ́yìn odi Nàìjíríà àyàfi tí Ilé Aṣòfin Àgbà bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Bí ewu bá ti rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lórí orílẹ̀-èdè, ó lè bá Ìgbìmọ̀ Ààbò jíròrò kó rán wọn fún ìjà tó níwọ̀n, ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ méje ó gbọ́dọ̀ wá gbàṣẹ lọ́wọ́ Sẹ́nétọ̀. Ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ pé irú abala bẹ́ẹ̀ wà. Mo gbà pé abala yẹn ló kó wa yọ lọ́dún 2023.

Àwọn sẹ́nétọ̀ ìhà Àríwá ti sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ìpínlẹ̀ méje ló bá Nìjẹ̀r pààlà: Sókótó, Kẹ́bbí, Kàtsínà, Zamfara, Jìgáwá, Yòbè àti Bọ̀rnó. Ààlà náà lé ní kìlómítà 1,500. Ìbọn tí a bá yìn sí Konni, Illela ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Èdè kan, ọjà kan, àna kan náà. Ó yẹ kí èyí yé àwa Yorùbá ju ẹnikẹ́ni lọ, àwa tí Ìmẹ̀kọ wa wà ní Nàìjíríà tí ààfin Alákétu sì wà lábẹ́ ìjọba Bẹ̀nẹ̀. Bí ẹnì kan ní Àbújá bá jí lọ́jọ́ kan tó ní òun fẹ́ ju bọ́ǹbù sí Kétu, ṣé Ìmẹ̀kọ yóò sùn?

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 5, àwọn sẹ́nétọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n bu ẹnu àtẹ́ lu ìfipágbàjọba, wọ́n yin Ààrẹ àti àwọn olórí ECOWAS fún ìdúró wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n wá ọ̀nà òṣèlú àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Nípa ogun, wọn ò fọwọ́ sí i.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Bàbá Ṣọ́jà gbé ọpọ́n ayò wọn jáde. Mo rò pé ayò ni a fẹ́ ta. Wọ́n da gbogbo ọmọ ayò sínú àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi ẹyọ kan sí ojú kan ní ìpẹ̀kun ọpọ́n. "Birnin Kebbi nìyí." Wọ́n fi ẹyọ kan sí ìpẹ̀kun kejì. "Niamey rèé." Wọ́n wá ń ju àwọn tó kù sáàárín lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí ni ọkọ̀ omi, èyí ni tánkà epo, èyí ni búrẹ́dì, èyí ni ọkọ̀ àwọn tó fara gbọgbẹ́, èyí ni àwọn tó ń ṣọ́ ọkọ̀ omi. Wọ́n ṣe é títí ọwọ́ wọn fi ku ọmọ ayò mẹ́ta. Wọ́n nà án sí mi. "Àwọn tí yóò jà nìyí. Ilẹ̀ Nìjẹ̀r sì tóbi ju Nàìjíríà lọ."

Mo bi wọ́n léèrè Làìbéríà nígbà náà, wọ́n sì dá mi lóhùn, bóyá nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti dé tòsí ju bí wọ́n ṣe fẹ́ lọ. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 1990 ni ECOMOG gúnlẹ̀ sí Monrovia. Ìjọba ológun Babangida ló rán wọn. Kò sí sẹ́nétọ̀ kankan nígbà yẹn tí ẹnikẹ́ni máa kọ lẹ́tà sí. Ẹ ó dé láìpẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí fún wọn. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìgúnlẹ̀ tí Prince Johnson fi wọ olú ilé-iṣẹ́ ECOMOG gan-an ní èbúté, tó mú Ààrẹ Samuel Doe lọ, tó sì pa á. Ó sún mọ́ òpin àwọn ọdún 1990 kí ECOMOG tó kúrò níbẹ̀ tán. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé Làìbéríà di ẹni tí àwọn ọmọ ogun Charles Taylor ń ṣọdẹ. Akọ̀ròyìn wa méjì, Tayo Awotunsin ti Champion àti Krees Imodibe ti The Guardian, lọ síbẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ wọn, wọn ò padà wálé.

"Ó dára tí a lọ," Bàbá wí. "Àwọn ènìyàn ń kú bí adìyẹ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi wá, kò sẹ́ni tó bi àwọn òbí wa, nígbà tí a sì fi máa dé, kò sẹ́ni tó wá pàdé wa." Wọ́n ní nígbà tí wọ́n rí i tí àwọn sẹ́nétọ̀ ń bi ara wọn léèrè, ara tu àwọn. Àbúrò wọn wà ní Niamey. Wọn ò sọ èyí, ṣùgbọ́n mo rí i lójú wọn.

Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ ogun bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ 10, ECOWAS ní kí ọmọ ogun ìmúrasílẹ̀ múra. Ọjọ́ 17 àti 18, àwọn ọ̀gá ológun pàdé ní Accra, Abdel-Fatau Musah tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ààbò ní ECOWAS sì ní àwọn ti mú ọjọ́ tí àwọn yóò wọlé. Ọjọ́ náà kò dé. Ọjọ́ 15, àwọn agbésùnmọ̀mí pa ṣọ́jà Nìjẹ̀r mẹ́tàdínlógún nítòsí Koutougou, nígbà tí àwọn tó gbàjọba nítorí ààbò, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wí, ń ṣọ́ ààfin ní Niamey.

Ọjọ́ 19, Tchiani gbà kí Abdulsalami rí Bazoum, ó sì kéde pé òun yóò lò tó ọdún mẹ́ta kí òun tó gbé ìjọba sílẹ̀. ECOWAS kọ̀ ọ́. Kó tó parí oṣù náà, Ààrẹ Tinúbú mẹ́nu ba oṣù mẹ́sàn-án tí ó ní Abdulsalami fi ṣètò àtigbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá ní Nàìjíríà ní 1998 sí 1999, pé Nìjẹ̀r náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé ọdún mẹ́ta pọ̀ jù. Àmọ́ láàárín ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́sàn-án, ibì kan wà tí a lè ti pàdé, ká ní ọ̀rọ̀ ni a kọ́kọ́ mú lọ, ká ní iná ń tàn, ká ní ẹja ń kọjá ní Malanville. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 2025, wọ́n búra fún Tchiani gẹ́gẹ́ bí ààrẹ fún ọdún márùn-ún, kò sì sẹ́ni tó bá a dúnàádúrà lórí rẹ̀.

Ohun tó bá wa nínú rẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, Málì, Bùrkínà àti Nìjẹ̀r dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kìn-ín-ní 2024, wọ́n ní àwọn ti kúrò ní ECOWAS, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó wa níbí ní 1975. Kò pé oṣù kan tí ECOWAS fi ká ìjẹníyà náà kúrò. Nàìjíríà ṣí ibodè ní oṣù Kẹta. Bazoum ṣì wà ní àhámọ́. Ohun tí a tìtorí rẹ̀ ti ibodè kò ṣẹ, a sì ṣí i padà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Nìjẹ̀r yọ ọmọ ogun rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ ológun àwọn orílẹ̀-èdè tó ń bá Boko Haram jà ní agbègbè Adágún Chad. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣọ́ ẹ̀yìnkùlé Bọ̀rnó pẹ̀lú wa ti ká ẹní wọn. Ìyẹn ni mò ń pè ní ọ̀rọ̀ ààbò orílẹ̀-èdè, ó sì kàn mí ju ọlá alága lọ.

Àwọn kan yóò sọ fún mi pé Gámbíà yọrí sí rere lọ́dún 2017. Bẹ́ẹ̀ ni. Adama Barrow ti wọlé ìbò, wọ́n ti búra fún un ní Dakar, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n wá. Senegal yí Gámbíà po, ọmọ ogun Gámbíà kéré, wọn ò sì fẹ́ kú fún Yahya Jammeh. Ọjọ́ 21 oṣù Kìn-ín-ní ni Jammeh wọ bàálù lọ. Kò sí èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí ní Niamey.

A tún wá rí ti Bẹ̀nẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, 7 oṣù Kejìlá 2025, àwọn ṣọ́jà kan tún jókòó sórí amóhùnmáwòrán, ní Cotonou lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní àwọn ti lé Ààrẹ Patrice Talon. Mo sáré lọ bá Bàbá Ṣọ́jà. Kí n tó sọ̀rọ̀ tán, wọ́n ti ní, "Àwọn ṣọ́jà tó kù ńkọ́?"

Lọ́jọ́ yẹn mo ní èsì. Talon kò sí lọ́wọ́ wọn, àwọn ọmọ ogun tó kù ń bá wọn jà, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fúnra rẹ̀ sì kọ̀wé sí Àbújá pé kí wọ́n wá ran òun lọ́wọ́. Bàálù ogun Nàìjíríà wọ òfurufú Bẹ̀nẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, láìsí gbèdéke, láìsí ìhalẹ̀ lórí rédíò. Nígbà tó fi máa di alẹ́, Talon ti ń bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Sẹ́nétọ̀ fọwọ́ sí rírán ọmọ ogun, nínú ọjọ́ tí abala 5 fi sílẹ̀. Ààrẹ kan náà ni, ECOWAS kan náà ni. Mo yin ìjọba fún èyí tọkàntọkàn, bí mo ṣe bu ẹnu àtẹ́ lu ti 2023.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn ni Màmá Niamey pè. Láti ìgbà tí Nìjẹ̀r ti kọ̀ láti ṣí ibodè Gaya fún ọjà, kódà lẹ́yìn tí ECOWAS ti ṣí tirẹ̀, ọ̀nà Lomé ni ẹja wọn ń gbà, yóò la Bùrkínà já láàárín ọkọ̀ àwọn ṣọ́jà tó ń ṣọ́ ọ, ó sì ń pẹ́ lọ́nà. Wọ́n ti gbọ́ ti Cotonou. Wọn ò béèrè Talon, wọn ò béèrè àwọn tó fẹ́ gbàjọba.

"Ṣé wọ́n tún máa ti ibodè ni?" ni wọ́n bi wá. "Lomé ńkọ́, ṣé Lomé ṣì ṣí?"